Sísin Ekòló Lẹ́yìn Ilé fún Ajílẹ̀

Owó àpò ajílẹ̀ kan ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ nínú wa, bẹ́ẹ̀ ni èèpo iṣu àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń jẹrà lásán lórí ààtàn. Ekòló lè sọ wọ́n di ajílẹ̀ fún yín.

Ekòló tí a fẹ́ kò jìnnà. Ẹ wá a sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀yìn balùwẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti dúdú tí ó sì tutù. Èyí tí ara rẹ̀ pọ́n, tí ó ń dán bí àwọ̀ elésè àlùkò, ni kí ẹ ṣà. Irú èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Eudrilus eugeniae, ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níhìn-ín ni. Àwọn ará òkè òkun pàápàá ń sìn ín. Bí ẹ bá rí 200, ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá abọ́ oníke ńlá tàbí àpótí pákó. Ẹ fi ìṣó gbígbóná dá ihò sí ìdí rẹ̀ kí omi lè máa ro jáde. Ẹ gbé e sábẹ́ òrùlé, lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ sì ki ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ inú agolo omi nítorí ìjàlọ, tí í pa gbogbo wọn lóru ọjọ́ kan. Ẹ fa páálí àti ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ ya sínú rẹ̀, ẹ pò ó mọ́ ìgbẹ́ màlúù tó ti pẹ́, kí ẹ wọ́n omi sí i. Bí ẹ bá fún un lọ́wọ́, ẹ̀kán omi kan tàbí méjì ni kí ó jáde.

Ìgbẹ́ adìyẹ tútù ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Èmi fúnra mi ti dà á sí i rí, mo rò pé oore ni mo ń ṣe wọ́n. Ó gbóná, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn tó lè sá ti sá, àwọn tó kù ti kú. Iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ló ṣòfò bẹ́ẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa bọ́ wọn. Bí ti àná kò bá tíì tán, ẹ má fi kún un. Ẹ rì í mọ́lẹ̀ nítorí eṣinṣin. Ọsàn, ata, iyọ̀, epo, ẹran àti ẹja kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Ẹ fi àpò bò ó, kí adìyẹ yín má baà rí oúnjẹ ọ̀fẹ́.

Lẹ́yìn oṣù méjì sí mẹ́ta, yóò dúdú, òórùn rẹ̀ yóò sì dà bí ti ilẹ̀ lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Ẹ dà á lókìtì sórí ọ̀rá níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ekòló kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀, ìsàlẹ̀ ni yóò sá lọ. Ẹ máa bu ti òkè, kí ẹ sì dá ekòló padà kíákíá.

Ẹ̀kúnwọ́ méjì tó fún ihò tòmátò kan. N kò ní tàn yín, kò lè tó fún éékà àgbàdo. Ebè ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé àti ọ̀rá tí ẹ fi ń hu kòkó ni ẹ kọ́kọ́ fi í sí.