Ilé tí Ó ń Kó Ooru Abẹ́ Ilẹ̀ Jọ

Ilé tí a óò yẹ̀ wò lónìí wà ní Islington ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ní òpópó tí a ń pè ní Central Street. Bunhill 2 ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ayàwòrán ilé Cullinan Studio ni wọ́n ya àwòrán rẹ̀. Ọdún 2020 ni wọ́n ṣí i. Ẹnikẹ́ni kì í gbé inú rẹ̀. Ẹ̀rọ ni ó kún ibẹ̀, tí ó ń pèsè ooru àti omi gbígbóná fún àwọn ilé àdúgbò.

Òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Arúgbó mìíràn wà níbẹ̀ tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò ká oúnjẹ àti ooru pọ̀, tí yóò sì fi ọ̀kan sílẹ̀. Nítorí náà, ibi tí ooru ti ń wá kì í ṣe ọ̀ràn àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ nìkan.

Láti ìta, iṣẹ́ ọnà alumíníọ́mù tí Toby Paterson ṣe sí ara ògiri ni ojú kọ́kọ́ ń rí. Àwọn kan lè bèèrè pé kí ni ilé ẹ̀rọ fẹ́ fi ọ̀ṣọ́ ṣe. Èrò tèmi ni pé ilé tí àwọn ará àdúgbò yóò máa wò láràárọ̀ kò yẹ kí ó dà bí ọgbà ẹ̀wọ̀n.

Àmọ́ abẹ́ ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ kan, City Road, wà níbẹ̀ láti 1901 títí di 1922 tí wọ́n tì í pa. Wọn kò dí ihò rẹ̀; ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ojú irin Northern ń gbà jáde. Búréèkì, mọ́tò ọkọ̀ àti ara èrò ń mú ooru wá, amọ̀ Lọ́ńdọ̀nù sì ti ń fa ooru náà mu fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìgbóná afẹ́fẹ́ tí ń jáde náà a máa wà láàárín 18 sí 28 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tẹ́lẹ̀ rí, òfurufú lásán ni ó ń lọ.

Nísinsìnyí, fáànù ńlá kan ń fa afẹ́fẹ́ náà kọjá lára páìpù omi, omi sì ń gba ooru rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlọ́wọ́ọ́wọ́ lásán ni, kò tó láti mú yàrá móoru. Níbí ni ẹ̀rọ tí mo fẹ́ kí a máa pè ní agbóoruga ti wúlò. Ẹni tí ó bá ti fún táyà kẹ̀kẹ́ ní afẹ́fẹ́ rí mọ̀ pé ìdí pọ́ǹpù a máa gbóná: afẹ́fẹ́ tí a bá fún pọ̀ ń gbóná sí i. Amóníà ni ẹ̀rọ yìí ń fi iná mànàmáná fún pọ̀. Amóníà gba ooru lára omi àkọ́kọ́, ẹ̀rọ fún un pọ̀, ó gbóná gan-an, ó sì gbé ooru náà fún omi mìíràn títí yóò fi tó nǹkan bí 80. Omi yìí ni ó ń gba páìpù abẹ́ títì lọ. Bunhill 2 àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí a ṣí ní 2012 ni a ṣètò láti mú ilé tí ó lé ní 1,350 móoru, pẹ̀lú ilé ẹ̀kọ́ kan àti gbọ̀ngàn eré ìdárayá 2.

Ẹ kíyè sí orúkọ o. Ilé oníkábọ́nì-díẹ̀ ni èyí, kì í ṣe aláìníkábọ́nì. A kọ́ ọ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì gáàsì 2 tí ń pèsè iná àti ooru pọ̀, gáàsì tí ó bá sì jó a máa tú kábọ́nì sáfẹ́fẹ́. Ẹni tí ó bá fo ọ̀rọ̀ "díẹ̀" dá, irọ́ ni ó pa.

Ní ti owó, ìjọba ìbílẹ̀ Islington sọ ní 2020 pé owó ooru àwọn ayálégbé rẹ̀ tí ó wà lórí páìpù náà fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn ètò ooru alájọlò mìíràn. Nígbà tí oòrùn bá sì mú, a lè yí fáànù náà padà, kí ó máa fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù sí àwọn èrò lábẹ́ ilẹ̀.