Láti Orí Asọ̀rọ̀mágbèsì dé Orí Fóònù: Àjọ̀dún Orin àti Àwọn Elégbè Rẹ̀ ní Èkó

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ dá lórí ohun èlò tí àwọn olólùfẹ́ orin ń mú lọ́wọ́ lọ sí àjọ̀dún orin lóde òní, èyí ni fóònù alágbèéká àti àwọn ojú òpó ayélujára tí wọ́n ń lò lórí rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan bi mí pé kí ni ó kan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí ń kọ́ni ní èdè àti lítíréṣọ̀ nínú ọ̀rọ̀ fóònù. Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Orin Yorùbá kì í ṣe ohun tí ẹnìkan ń dá kọ fún ara rẹ̀. Ẹni tí ń lé orin wà, elégbè wà, oníjó wà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí yóò ki akọrin láàárín èrò kì í wọ́n. Bí a bá mú ọ̀kan nínú wọn kúrò, orin náà ti di nǹkan mìíràn. Nítorí náà, ìbéèrè tí mo máa ń bèèrè nípa ẹ̀rọkẹ́rọ tí a bá gbé wọ inú orin ni pé: kí ni ó ṣe fún elégbè?

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà fa ìròyìn àti orin tí ń ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ wọ inú àwọn ilé ní Èkó. Àpótí kékeré kan ni wọ́n ń gbé fún ẹni tí ó bá lè san owó rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn baba wa fi fún àpótí yìí ní orúkọ. Wọ́n pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Lójú tèmi, iṣẹ́ lámèyítọ́ gidi ni orúkọ náà. Wọn kò sọ pé àpótí náà ń parọ́, wọn kò sì sọ pé ohùn rẹ̀ kò dùn. Ohun tí wọ́n rí tọ́ka sí ni pé ó ń sọ̀rọ̀, kò sì dúró gbọ́ èsì. Lójú ẹni tí ó ti mọ̀ pé bí a bá lé orin, a ó gbè é, àbùkù ńlá ni èyí. Rédíò, àwo orin, àti tẹlifíṣọ̀n tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1959, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn gbà.

Ẹni tí kò fara mọ́ ọ̀nà yìí rárá ni Fẹlá Aníkúlápó-Kútì. Ní nǹkan bí ọdún 1960 sí 1969, ó ti ń kọrin ní ilé ijó Kakadu ní Yábàá. Nígbà tí ó ṣe, ó fìdí kalẹ̀ sí Empire Hotel ní Ìdí-Òro, ní Múṣin, ó sì sọ ibẹ̀ di Afrika Shrine. Ilé rẹ̀, tí ó pè ní Kalakuta, kò jìnnà síbẹ̀, ní ojú ọ̀nà Agége. Ohun tí àwọn ènìyàn ń lọ wò ní Shrine kọjá orin nìkan. Fẹlá a máa dá orin dúró, a sọ̀rọ̀ sí ìjọba, a sọ̀rọ̀ sí àwọn tí ó wà níwájú rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn náà a sì dá a lóhùn, wọn a tún fi tiwọn kún un. Yabis ni wọ́n ń pe èyí, ó sì ní alẹ́ tirẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ó tún fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn tí kò lè wá sí Múṣin, ó ń ra àyè nínú ìwé ìròyìn láti fi tẹ èrò ara rẹ̀ jáde lábẹ́ àkọlé Chief Priest Say, bí ẹni pé ìkéde ọjà ni. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ó dá sílẹ̀, Young African Pioneers, sì tẹ ìwé ìròyìn tiwọn. Ọkùnrin yìí ti ń wá ojú òpó ti ara rẹ̀ kí a tó mọ ohun tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀!

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí oṣù kan péré, oṣù Kejì ọdún 1977, nítorí pé gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ ni ó pàdé níbẹ̀. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún náà ni àjọ̀dún FESTAC ti bẹ̀rẹ̀. Pápá ìṣeré ìjọba ní Súrùlérè ni wọ́n ti ṣí i, ilé ìṣeré ńlá ní Ìgànmú sì ni ọ̀pọ̀ eré rẹ̀ ti wáyé. Orílẹ̀-èdè tí ó wá lé ní 50, àwọn tí ó kópa sì lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Fẹlá kọ̀, kò bá wọn lọ́wọ́ sí i. Síbẹ̀síbẹ̀, bí wọ́n bá ti ṣeré tán ní Ìgànmú, àwọn àlejò a máa bi ara wọn ní ọ̀nà Múṣin. Gilberto Gil ti ilẹ̀ Brazil débẹ̀, Stevie Wonder ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà náà débẹ̀. Kò sí ìkéde kankan lórí rédíò tí ó júwe ọ̀nà fún wọn. Ẹnu ni ó mú wọn débẹ̀. Báyìí ni àjọ̀dún di méjì ní ìlú kan náà, èyí tí ìjọba ṣe àti èyí tí ó wà ní Ìdí-Òro.

FESTAC parí ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì. Ní ọjọ́ 18, àwọn ológun ya bo Kalakuta, wọ́n sì sun ún níná. Wọ́n ju ìyá Fẹlá, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, sílẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni màmá náà kú. Nínú iná yẹn ni ohùn fíìmù tí wọ́n ń ṣe nípa ìgbésí ayé Fẹlá, The Black President, jó sí. Ọjọ́ kejì rẹ̀, ọjọ́ 19, ni wọ́n fi sátẹ́láìtì so Stevie Wonder, tí ó wà ní Èkó, mọ́ ibi tí wọ́n ti ń pín ẹ̀bùn Grammy ní Amẹ́ríkà. Ohùn náà kò dán mọ́rán rárá, ìdàrúdàpọ̀ sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí atọ́kùn ètò fi bi afọ́jú léèrè bóyá ó ń rí wọn. Àwọn kan ń fi ìyẹn rẹ́rìn-ín títí di òní. Ohun tí ó jọ mí lójú ju ìyẹn lọ ni pé ẹ̀rọ tí ó lè gbé ojú ènìyàn láti Èkó kọjá òkun kò gbé èéfín Kalakuta.

Àbájáde rẹ̀ wà nílẹ̀. Ní ọdún 1979, ìjọba fi òfin dá ilé iṣẹ́ kan, CBAAC, sílẹ̀ láti tọ́jú ìwé, fọ́tò, fíìmù àti téèpù FESTAC. Àjọ̀dún tí ìjọba ṣe rí olùtọ́jú. Èyí tí àwọn èrò fi ẹnu pe ara wọn sí kò rí ẹnìkan.

Fẹlá kú ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 1997. Ní ọdún 1998, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Yẹni, dá àjọ̀dún Felabration sílẹ̀, ó sì fi í sí oṣù Kẹwàá, oṣù tí wọ́n bí baba rẹ̀. Láti ọdún 2000, New Afrika Shrine ní Ìkẹjà ni ojúkò rẹ̀. Orin wà níbẹ̀, àpérò wà, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama sì ń jiyàn níbẹ̀. Ìwé ìpolówó ara ògiri àti rédíò ni wọ́n fi ń pe èrò nígbà náà. Fóònù alágbèéká ti GSM dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, èrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe èrò. Lẹ́yìn náà ni BlackBerry dé, pẹ̀lú iṣẹ́ àjẹ́kájákiri tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní BC. Facebook, Twitter, Instagram àti WhatsApp ni ó wá gba ipò rẹ̀.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun kan fún àwọn àgbà tí ó wà láàárín wa. Àmì # tí ẹ ń rí níwájú ọ̀rọ̀, ní ọdún 2007 ni ẹnìkan kọ́kọ́ dá a lábàá fún àwọn tí ń lo Twitter. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe kò ju ti okùn ìdìgẹdú lọ. Bí ẹni tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle ní Ìkẹjà bá kọ #Felabration, tí ẹni tí ó wà ní Peckham náà sì kọ ọ́, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì bọ́ sínú ìdì kan, ẹnikẹ́ni sì lè tú u wò. Ẹni tí kò lè wá a gbọ́ orin náà lójú ẹsẹ̀, a sì fèsì. A sọ pé onílù yìí yára jù, a sọ pé orin tí wọ́n ń kọ yìí kọ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, a ki ẹni tí ó wù ú, a bú ẹni tí kò wù ú. Mo mọ̀ pé èébú inú rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n yabis ni, ó sì ti kúrò ní Múṣin. Àpótí tí kì í gba èsì ti wá pàdé èyí tí èsì ń ya wọ inú rẹ̀ bí omi.

Agbára èsì yìí kì í ṣe kékeré. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, àjọ̀dún Coachella ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé ìwé ìpolówó rẹ̀ jáde, wọ́n sì fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ orúkọ Burna Boy. Ó bọ́ sórí Instagram, ó fi ẹ̀hónú hàn pé òun kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ. Àwọn kan gbè é, àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Orúkọ tí ó fi pe ara rẹ̀ nínú ìjà náà, African Giant, ni ó fi sọ àwo orin rẹ̀ ní ọdún náà gan-an. Ẹ má gbàgbé pé Benson Idonije, tí ó kọ́kọ́ ṣe alákòóso fún Fẹlá, ni baba ìyá ọmọ yìí. Kì í ṣe òde ni ó ti kọ́ ọ.

Ẹ̀tàn wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn tí ó gba owó Fyre Festival ní Bahamas ní ọdún 2017 fi àwòrán àwọn gbajúmọ̀ pe èrò lórí Instagram; èrò débẹ̀, kò bá orin, kò sì bá ibùsùn. Ẹni tí ó ṣe é ṣẹ̀wọ̀n. N kò ní pẹ́ lórí ìyẹn, nítorí pé gbájúẹ̀ kò nílò fóònù kí ó tó gbá ni lójú.

Ohun tí ó ń dùn mí wà lọ́tọ̀. Ẹnu elégbè ti là, ṣùgbọ́n abẹ́ òrùlé ẹlòmíràn ni ó ti ń gbè. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà, wọn kò sì ṣí i títí di ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2022. Oṣù Kẹwàá, oṣù Felabration, bọ́ sí àárín rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi Twitter sọ̀rọ̀ nípa Fẹlá, àfi kí ó gba ẹ̀yìnkùlé. Ìjọba nìkan kọ́ ni ó sì ni kọ́kọ́rọ́. YouTube ní ètò kan láti ọdún 2007 tí ń fi ohùn inú fídíò wé ohùn àwo orin tí oní-nǹkan ti fi sílẹ̀. Bí wọ́n bá jọra, ó lè pa ohùn náà mọ́ tàbí kí ó dí fídíò náà, ì báà ṣe pé ariwo ayọ̀ èrò ni ẹni tí ó ya á fẹ́ kí a gbọ́. Ohun tí a bá gbé sórí Status WhatsApp tàbí Story Instagram, wákàtí 24 ni ó ní láyé bí ẹni tí ó gbé e kò bá pa á mọ́. BBM, níbi tí àwọn BC wà, wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2019. Ní ọdún yẹn kan náà ni MySpace kéde pé orin, fọ́tò àti fídíò tí ó ti lé ní ọdún mẹ́ta níbẹ̀ ti sọnù nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù láti inú ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Kò sí ológun níbẹ̀, ẹnìkan kò sì ṣáná. Twitter tí ń jẹ́ X báyìí, ó ti ṣí ilẹ̀kùn fún àwa olùwádìí ní ọdún 2021 láti kó ọ̀rọ̀ àtijọ́ jọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọdún 2023, ó tì í. Bí mo bá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mú ohun tí èrò sọ ní Felabration ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn wá, ojú ìwé tí ó ti kú ni wọ́n sábà máa ń mú bọ̀, pẹ̀lú fọ́tò tí kò ní ọjọ́ tàbí orúkọ.

Ohun tí ó kù lọ́wọ́ pàápàá, kíkà rẹ̀ kò rọrùn. Láìsí àmì ohùn ni ọ̀pọ̀ wa fi ń kọ Yorùbá lórí fóònù. Ẹni tí ó kọ o-k-o nísàlẹ̀ fídíò onílù, ṣé ọkọ ni ó ń pè é ni, àbí ọkọ̀ ni ó ń wá lọ sílé? Nítorí èyí ni mo ṣe fẹ́ kí a máa gba ohùn ẹnu sílẹ̀ ju ìwé lọ.

Ìmọ̀ràn mi kò la owó ńlá lọ. Fídíò tí àwọn ojú òpó yóò sọnù ṣì wà nínú fóònù ẹni tí ó ya á ní òru ọjọ́ náà. Ibẹ̀ ni kí a ti pàdé rẹ̀. Kí a bẹ àwọn tí ń ṣètò àjọ̀dún náà fún àyè tábìlì kan ní ẹnu ọ̀nà. Bí èrò bá ń jáde lọ, kí a bẹ ẹni tí ó bá gbà pé kí ó jẹ́ kí a ṣe àdàkọ ohun tí ó yà, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, ní èdè tí ó bá wù ú, ibi tí ó dúró sí, ẹni tí ń kọrin, ohun tí èrò ń kígbe ní àkókò náà àti ìdí rẹ̀. Kí ó fọwọ́ sí ìwé pé òun yọ̀ǹda. Kí ẹ̀dà kan wà ní ilé ìkàwé yunifásítì, kí èkejì wà lọ́dọ̀ àwọn alájọ̀dún, kí a sì máa dà wọ́n kọ sínú ohun ìpamọ́ tuntun ní ọdún márùn-ún márùn-ún, nítorí pé díísìkì a máa kú, téèpù ayé FESTAC sì ti kọ́ wa pé ẹ̀rọ tí ń ka nǹkan lè tán lọ́jà kí nǹkan náà tó bàjẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà, kọ̀ǹpútà méjì àti tábìlì kan tó láti fi bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá tí ń bọ̀. Ìwé wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹ̀ka wa ní ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá wọn lọ, kí ó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó máa lọ.