Ara Ọmọ Tuntun àti Àpótí Aṣọ Rẹ̀

Nígbà tí a bá lọ kí ìyá ọlọ́mọ tuntun, a máa ń wí pé iṣẹ́ ti parí. Iṣẹ́ ìyá ni ó parí. Ara ọmọ ṣì ń ṣe tirẹ̀ lọ́wọ́. Egungun ọmọ tuntun tó nǹkan bí 300. Púpọ̀ nínú wọn yóò so pọ̀ títí wọn yóò fi ku 206 lára àgbà. Àwùjẹ̀ tí ń mí fúkẹ́fúkẹ́ lórí rẹ̀ sábà máa ń dí láàárín oṣù 12 sí 18. Ọmọ ọ̀sẹ̀ kan a sì máa ké kíkankíkan láìsí omijé.

Ojú tí ń pọ́n bí ìyeyè ni ọ̀rọ̀ wa gan-an. Nínú oyún, ọmọ kò fi ẹ̀dọ̀fóró mí, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ki ju ti àgbà lọ. Lẹ́yìn ìbí, ara a bẹ̀rẹ̀ sí tú ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ náà ká. Ìdọ̀tí tí ń ti inú rẹ̀ jáde ni ó pọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ni í gbá a dànù, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ọmọ ọjọ́ mẹ́ta kò tí ì lágbára. Nítorí náà ni ojú ọ̀pọ̀ ọmọ ṣe ń pọ́n ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, tí ó sì ń mọ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé.

Ṣùgbọ́n bí ojú bá pọ́n ní ọjọ́ ìbí gan-an, tàbí tí àtẹ́lẹsẹ̀ pọ́n, tàbí tí ọmọ kò mu ọmú, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ìbáà ṣe lóru. Ìdọ̀tí yìí lè wọ ọpọlọ, kí ó sọ ọmọ di adití, tàbí kí ó ba ọwọ́ òun ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ títí ayé.

Àwọn ọmọ kan wà, ọkùnrin ni ó pọ̀ jù nínú wọn, tí èròjà kan tí ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ kò tó lára wọn. G6PD ni àwọn dókítà ń pè é. Irú wọn kò ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà. Káńfọ̀ funfun róbótó tí a ń jù sínú àpótí nítorí aáyán, òórùn rẹ̀ lára aṣọ lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wàràwàrà.

Ní 1956, ní ilé ìwòsàn Rochford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ọ̀sì kan, Jean Ward, tí í máa gbé àwọn ọmọ jáde sí oòrùn, ṣàkíyèsí pé ibi tí aṣọ bò lára ọmọ kan nìkan ni ó ṣì pọ́n. Láti ibẹ̀ ni iná aláwọ̀ búlúù ti ilé ìwòsàn ti bẹ̀rẹ̀. Ní Èkó wa níhìn-ín, ní Island Maternity, àwọn dókítà ta ọ̀rá tí ń sẹ́ ìtànṣán oòrùn bo àwọn ọmọ lórí. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2015 fi hàn pé kò rẹ̀yìn sí iná náà. Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí tẹ́ ọmọ sí oòrùn gbangba o: ara rẹ̀ lè jó, àkókò ìwòsàn a sì kọjá lọ.

Ẹ̀yin oníṣòwò, bí aboyún bá béèrè káńfọ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ bi í bóyá aṣọ ọmọ ni ó fẹ́ fi í sí. Àpótí tí ìdérí rẹ̀ bá le dáadáa, aáyán kò ní rí ọ̀nà wọ̀ ọ́.