Ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ márùn-ún: volatile láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá

Nígbà kan, «tí kò dúró sójú kan» ni mo fi ń túmọ̀ volatile níbi gbogbo. Mo wá lò ó nínú ìkìlọ̀ kan lórí epo bẹntiróòlù. Ọkùnrin kan tó ń ta kpayo ní Àjàṣẹ́ kà á, ó ní: «Ọ̀gá, ṣé kí n gbé ìgò náà sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni?» Ìtumọ̀ mi ti fi ewu pamọ́ fún un.

Láti inú Látìn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá: volare ni kí nǹkan fò. Àwa tí a ka Faransé mọ ìbátan rẹ̀, un volatile, tí í ṣe ẹyẹ, pàápàá adìyẹ àti pẹ́pẹ́yẹ. Nítorí náà, kí a tó túmọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a bèèrè: kí ló ń fò lọ, báwo ló sì ṣe ń lọ?

Bó bá jẹ́ epo, ó «ń tètè bá afẹ́fẹ́ lọ», láìjẹ́ pé a gbé e kaná. Ohun tó ń jáde lára rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ojú kì í rí i. Ó ń rìn nílẹ̀ títí yóò fi bá iná pàdé.

Bó bá jẹ́ owó, ó «ń lọ sókè sódò lójijì». Sẹ́fà wa so mọ́ yúrò: 655,957 fún yúrò kan. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí Nàìjíríà ti fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà, oníṣòwò Kétu tó ń gba náírà mọ ohun tí mò ń sọ.

Bó bá jẹ́ ènìyàn, «onínúfùfù» ni. Faransé kì í sábà lo volatil fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Bó bá jẹ́ ìlú, «ó lè dàrú nígbàkigbà».

Bó bá jẹ́ RAM inú kọ̀ǹpútà, «kì í pa nǹkan mọ́ bí iná bá lọ». Níbí, kò sí ìbínú, kò sí ìdàrúdàpọ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ló kàn pòórá.

Mo tún ìkìlọ̀ mi kọ báyìí: «Epo yìí ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Ojú yín kò ní rí i, ṣùgbọ́n iná yóò rí i. Ẹ gbé àtùpà jìnnà sí i.» Mo kà á fún ọkùnrin náà. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Àtùpà rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé kúrò.