Yàrá Inú Ọkọ̀ Òkun: Ohun Tí Owó Rẹ̀ Gbà àti Ohun Tí Kò Gbà

Kò sí òkun ní agbègbè Ìwó. Ará Olúpọ̀nnà tó bá fẹ́ fojú rí òkun, ó di Èkó. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́ ti di ọ̀rọ̀ ilé wa, nítorí àwọn ọmọ wa tó wà ní London, Houston àti Maryland ń fẹ́ gbé òbí wọn wọ̀ ọ́ nígbà tí bàbá tàbí ìyá bá pé àádọ́rin ọdún, tàbí nígbà tí àwọn méjèèjì bá ń ṣe àjọ̀dún àádọ́ta ọdún ìgbéyàwó. Ìpolówó á ní ẹgbẹ̀ta dọ́là péré ni. Kì í ṣe irọ́, àmọ́ òótọ́ ọ̀hún kò pé. Ohun tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ ni a fẹ́ tò sílẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lọ́dún yìí.

Kí ọmọ Yorùbá ra yàrá nínú ọkọ̀ òkun kì í ṣe nǹkan tuntun. Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú kò tíì wọ́pọ̀, ilé iṣẹ́ Elder Dempster ti Liverpool ló ń kó èrò láàárín Èkó àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọkọ̀ mẹ́ta ló gbajúmọ̀ jù nínú tiwọn: Accra tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1947, Apapa tó tẹ̀ lé e ní 1948, àti Aureol tó kọ́kọ́ ṣíkọ̀ ní Liverpool ní oṣù kọkànlá 1951. Orúkọ òkè kan ní Freetown, níbi tí Fourah Bay College wà, ni wọ́n fi sọ Aureol. Bí ọkọ̀ bá kúrò ní èbúté Àpápá, á yà ní Gold Coast, á yà ní Freetown àti Las Palmas, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sì ni wọ́n á fi wà lójú omi. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa tó lọ kọ́ òfin, ìṣègùn àti iṣẹ́ nọ́ọ̀sì láyé ọjọ́un, ọ̀nà yìí ni wọ́n gbà.

Ipò méjì ni wọ́n pín èrò sí nínú Aureol. Àwọn onípò kìíní, tí ìjòyè ìjọba àti àwọn oníṣòwò ńlá pọ̀ nínú wọn, ní yàrá ìjẹun tiwọn àti ibi ìgbafẹ́ tiwọn. Àwọn onípò kejì, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí, ní tiwọn lọ́tọ̀. Ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì mọ ohun tí òun rà: ibùsùn, oúnjẹ, àti èbúté tí wọ́n á já òun sí. Accra kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 1967, Apapa ní 1968. Aureol nìkan ló kù. Ó fi Liverpool sílẹ̀ lọ sí Southampton ní 1972, ó sì parí iṣẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà Èkó ní 1974. Ọkọ̀ òfuurufú ti gba èrò lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà yẹn.

Ní ti ọkọ̀ ìgbafẹ́ òde òní, ibi tó ti gbé èèyàn ló sábà máa ń dá a padà sí. Inú ọkọ̀ gan-an ni ọjà tí wọ́n ń tà. Icon of the Seas, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Miami ní oṣù kìíní 2024, lè gba èrò tó tó 7,600, láìka àwọn òṣìṣẹ́ mọ́ ọn. Orúkọ ilé iṣẹ́ tí ẹ máa bá pàdé pọ̀, àmọ́ àwọn tó ni wọ́n kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Carnival Corporation ló ni Carnival, Princess, Holland America, Cunard, Costa àti P&O Cruises. Royal Caribbean Group ló ni Royal Caribbean, Celebrity àti Silversea. Norwegian àti MSC dá dúró sí ọ̀dọ̀ tiwọn.

Ẹni tó bá rò pé ètò ipò bá Aureol lọ, kó wo Cunard dáadáa. Nínú Queen Mary 2, yàrá tí o bá rà ni yóò sọ ibi tí o ti máa jẹun: Britannia fún àwọn tó pọ̀ jù, Princess Grill àti Queens Grill fún àwọn olówó. Norwegian ní àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní The Haven, MSC sì ní Yacht Club; ẹni tí kò bá sùn níbẹ̀ kò lè wọ ibi ìwẹ̀ àti ilé oúnjẹ wọn. Nítorí náà, bí ọmọ méjì bá fẹ́ gbé òbí wọn lọ, tí wọ́n fi bàbá àti ìyá sí ibi àwọn ọlọ́lá, tí àwọn fúnra wọn wà ní yàrá lásán, wọn kò ní lè jọ jẹun níbi tí àwọn òbí ti ń jẹun. Ní tèmi, ìyẹn ba ìrìn àjò náà jẹ́. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹbí wà ní irú yàrá kan náà.

Irú yàrá mẹ́rin ló wọ́pọ̀. Yàrá inú kò ní fèrèsé rárá, òun ló sì rọjú jù. Yàrá onífèrèsé ń rí òkun, ṣùgbọ́n fèrèsé náà kì í ṣí. Yàrá oní bákónì ní ibi tí èèyàn lè jókòó sí níta. Suite ló fẹ̀ jù, tó sì wọ́n jù. Èmi kò gbà pé yàrá inú ni kí a fi ṣọ́ owó ná fún àgbàlagbà. Òkùnkùn rẹ̀ kò jẹ́ kí èèyàn mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán, Àlàájì tó fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti ń mọ́ fún àsùbáà kò sì ní rí ojú ọ̀run. Yàrá onífèrèsé láàárín ọkọ̀, ní àjà ìsàlẹ̀, ló dára jù fún òbí wa, nítorí ibẹ̀ ni ìgbì kì í ti mi ọkọ̀ púpọ̀. Ẹ wo àwòrán ọkọ̀ kí ẹ tó yàn: yàrá tó bá wà lábẹ́ ibi ìwẹ̀ á máa gbọ́ ariwo àga tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀ láti òwúrọ̀ kùtùkùtù, èyí tó wà lórí gbọ̀ngàn eré á máa gbọ́ ìlù títí di òru. Ẹni tí orúnkún ń dùn, kó wà nítòsí ẹ̀rọ agbéniròkè.

Bí iye owó bá kéré ju bó ṣe yẹ lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé irú yàrá nìkan ni ẹ rà, ilé iṣẹ́ ni yóò mú nọ́ńbà yàrá náà. Ní MSC, ẹni tó ra Bella kò ní ẹ̀tọ́ láti yan ibi tí yàrá rẹ̀ máa wà. Ẹni tó ra Fantastica ní ẹ̀tọ́ náà. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó bá du yàrá tó ga ju tiwọn lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti sanwó. Royal Caribbean àti Norwegian ní ètò yìí: èèyàn á dárúkọ iye tó lè fi kún un, ilé iṣẹ́ á sì mú ẹni tó bá wù ú. Ẹni tó bá rí i gbà ti pàdánù yàrá tó fara balẹ̀ yàn, kò sì lè kọ èyí tí wọ́n fún un.

Iye owó tí wọ́n ń kọ jẹ́ ti ẹnì kan, lórí àdéhùn pé èèyàn méjì ló máa sùn nínú yàrá náà. Ìyá tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tó bá dá yàrá gbà, lè san tó owó èèyàn méjì. Ó sàn kí ọmọbìnrin rẹ̀ tàbí ọmọ ọmọ rẹ̀ bá a sùn. Ẹni kẹta àti ẹni kẹrin nínú yàrá kan kì í sábà san tó ti àwọn méjì àkọ́kọ́, nítorí náà ó yẹ kí ìdílé tó ní ọmọ kékeré béèrè fún yàrá ẹlẹ́ni mẹ́rin.

Lẹ́yìn náà ni owó àwọn òṣìṣẹ́ ń tẹ̀ lé e. Lọ́pọ̀ ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà, wọ́n ń yọ ọ́ lójoojúmọ́ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ti Royal Caribbean ti wà ní dọ́là 18.50 lójúmọ́ fún yàrá tí kì í ṣe suite. Bí bàbá àti ìyá bá lo ọjọ́ méje, dọ́là 259 nìyẹn, kò sí nínú owó tí ìpolówó kọ. P&O Cruises ti pa irú owó yìí rẹ́ láti oṣù karùn-ún 2019. Virgin Voyages máa ń fi í sínú owó tíkẹ́ẹ̀tì títí di 2025, ṣùgbọ́n wọn kì í gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Ẹni tó bá fẹ́ fi ilé iṣẹ́ kan wé òmíràn, kó kọ́kọ́ ro owó yìí àti owó èbúté pọ̀ mọ́ owó yàrá. Nígbà míì, ọkọ̀ tó jọ pé ó wọ́n yóò jẹ́ èyí tó dínwó.

Ọ̀rọ̀ ọtí ló ń mú owó ẹni bíi tiwa lọ jù, nítorí ìdílé tí Mùsùlùmí àti Kristẹni jọ wà pọ̀ ní agbègbè Ìwó. Ní Royal Caribbean àti Carnival, bí àgbàlagbà kan nínú yàrá bá ra ètò ọtí, gbogbo àgbàlagbà tó wà nínú yàrá náà gbọ́dọ̀ rà á. Kí ọmọ tó fẹ́ mutí má ṣe bá Àlàájì pín yàrá, torí òun ni yóò tún san ti bàbá rẹ̀ tí kò ní fẹnu kàn án. Norwegian máa ń kéde ètò ọtí gẹ́gẹ́ bí èènì ọ̀fẹ́. Síbẹ̀ wọ́n ń gba owó òṣìṣẹ́ lórí èènì náà lójoojúmọ́. Bí ẹ kò bá nílò rẹ̀, ẹ béèrè iye tí tíkẹ́ẹ̀tì yóò jẹ́ láìsí i. Omi, tíì àti kọfí wà lọ́fẹ̀ẹ́ níbi oúnjẹ gbogbogbòò. Ní ti oúnjẹ hàláàlì, ẹ kọ̀wé béèrè kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì tọ́jú èsì wọn.

Èènì kejì ni ti àwọn oníbàárà tí kì í yà. Royal Caribbean ń fún èèyàn ní àmì kan fún òru kan, méjì bó bá sùn ní suite. Àmì 80 ló ń sọ èèyàn di Diamond, 700 ló ń sọ ọ́ di Pinnacle. Láti 2024, ipò tí èèyàn bá ní níbẹ̀ tún ń ṣiṣẹ́ ní Celebrity àti Silversea. Carnival ti kéde pé láti oṣù kẹfà 2026, owó tí oníbàárà bá ná ni àwọn yóò máa kà, kì í ṣe iye ọjọ́. MSC ní tirẹ̀ máa ń gba ipò tí èèyàn ti ní ní ilé iṣẹ́ míì, á sì fún un ní irú rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn. Gbogbo èyí wúlò fún ọmọ wa tó ń wọkọ̀ lọ́dọọdún. Òbí tó máa lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò yẹ kó torí àmì yan ọkọ̀. Ẹni tó sùn nínú yàrá ló sì ni àmì. Ọmọ tó sanwó láti Houston, tí kò bá wọn lọ, kò ní rí ẹyọ kan gbà.

Owó àsansílẹ̀ pín sí méjì: èyí tí wọ́n lè dá padà, àti èyí tí kì í padà. Èyí tí kì í padà ló máa ń dínwó. Fún ìrìn àjò tó tó ọjọ́ márùn-ún sókè ní Royal Caribbean, owó gbọ́dọ̀ pé ní 90 ọjọ́ ṣáájú ìṣíkọ̀. Látìgbà náà ni ohun tí wọ́n máa dá padà fún ẹni tó bá yẹ ìrìn àjò ti ń dín kù, bó bá sì ku 30 ọjọ́ péré, gbogbo owó náà ti lọ.

Níbí ni ọ̀rọ̀ físà ti wọlé, òun ló sì wúwo jù lọ́dọ̀ mi. Òfin Amẹ́ríkà kan tó ti wà láti 1886 kò jẹ́ kí ọkọ̀ tí kì í ṣe tiwọn kó èrò láti èbúté Amẹ́ríkà dé òmíràn. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbafẹ́ sì jẹ́ èyí tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Bahamas tàbí Panama. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tó bá gbéra ní Galveston, nítòsí Houston, fi gbọ́dọ̀ dé ilẹ̀ òkèèrè bíi Cozumel ní Mexico kó tó padà. Ní oṣù keje 2025, ọ̀pọ̀ físà ìbẹ̀wò tí Amẹ́ríkà ń fún ọmọ Nàìjíríà nígbà náà di ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, fún oṣù mẹ́ta. Òbí tó ti fi ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan yẹn dé Houston lè rí i pé ìpadà láti Cozumel ti di ìwọlé kejì. Ní Southampton, físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan kò tó fún Las Palmas tàbí Barcelona. Ilẹ̀ Spain ni méjèèjì, físà Schengen ni wọ́n ń béèrè. Orúkọ tó wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ bá ti páásípọ́ọ̀tù mu lẹ́tà sí lẹ́tà, nítorí náà ẹ má kọ Àlàájì tàbí Díákónì mọ́ ọn bí kò bá sí nínú páásípọ́ọ̀tù.

Ní ti oṣù, oṣù kìíní sí oṣù kẹta ni àwọn ilé iṣẹ́ máa ń ṣe ìpolówó tó pọ̀ jù. Oṣù kẹfà sí oṣù kọkànlá ni àkókò ìjì líle ní Caribbean. Owó máa ń wálẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, àmọ́ ọkọ̀ lè yí èbúté padà láìdá owó kankan padà. Dókítà wà nínú ọkọ̀, owó rẹ̀ kò kéré, NHS, ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì kan ibẹ̀. Ẹ ra adójútòfò tó bo ìtọ́jú òbí tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ. Aboyún tó ti wọ ọ̀sẹ̀ 24, àti ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kì í gbà wọ́n.

Ẹ̀yin ọmọ Olúpọ̀nnà tó wà lókè òkun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí físà òbí yín jáde ná, kí ẹ mọ iye ìgbà tó gbà wọ́n láyè láti wọlé, kí ẹ tó san owó tí kì í padà.