Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ilẹ̀ tí ẹ ń kó dànù níbi iṣẹ́ lè di owó

Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù, onílé ìtura àti oníléeṣẹ́ ní Máfolúkù, ẹ wo ohun tí ẹ ń dànù lójoojúmọ́: páálí, ike omi, agolo, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà. Bí òjò bá dé, gọ́tà ni wọ́n ń dí, omi á sì ya wọ ṣọ́ọ̀bù yín.

Láti 2012 ni Wecyclers, iléeṣẹ́ tó ń kó ilẹ̀ fún àtúnlò, ti ń gba irú nǹkan báyìí lọ́wọ́ ará Èkó, tí wọ́n sì ń fún wọn lérè. Bí ẹ ṣe máa múra tiyín sílẹ̀ nìyí:

✅ Ẹ gbé àpò mẹ́rin kalẹ̀: ti ike, ti ọ̀rá, ti agolo, ti páálí.
✅ Ẹ da omi inú ike nù, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Páálí ò gbọdọ̀ tutù.
✅ Ẹ yan òṣìṣẹ́ kan tí yóò máa bójú tó àwọn àpò náà.

Ilẹ̀ tó bá ṣẹ́kù ni ti PSP, àwọn akólẹ̀ àdáni. Ọ̀sẹ̀ yìí gan-an ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀.