Ojú Tí À Ń Kọ́ Ẹ̀rọ: Iṣẹ́ Tí Mo Ń Ṣe ní Yunifásítì

Ìgbìmọ̀ tó ṣètò ọjọ́ yìí ní kí n kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí iṣẹ́ tí mo ń ṣe, nítorí ìbéèrè tí ẹ kì í yé bi ìyá mi ní ìpàdé: "Ọmọ yín ò tíì parí ìwé náà ni?" Mo ti gba oyè àkọ́kọ́, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀, mo ti gba oyè kejì, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì. Síbẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ni mí. N ó ṣàlàyé bí ó ṣe jẹ́.

Iṣẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì ni mo kọ́, ní pàtàkì ojú tí rọ́bọ́ọ̀tì fi ń ríran. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò pẹ́ púpọ̀ láyé. Inú eré orí ìtàgé tí Karel Čapek, ará ilẹ̀ Czech, kọ ní 1920 ló ti jáde, ó sì tinú ọ̀rọ̀ wọn kan wá tó túmọ̀ sí iṣẹ́ àfipáṣe. Ní 1961, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ General Motors ní New Jersey, Amẹ́ríkà, gbé apá irin kan tó ń jẹ́ Unimate sẹ́nu iṣẹ́. Ó lágbára, kì í rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n afọ́jú ni. Bí ẹnikẹ́ni bá sún irin tó fẹ́ gbé kúrò níbi tó máa ń wà, afẹ́fẹ́ ni yóò gbá mú. Ohun tí àwa ń wá ni bí irú apá bẹ́ẹ̀ yóò ṣe mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀.

Ó le ju bí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n pàápàá ṣe rò lọ. Ní 1966, Seymour Papert ní MIT kọ ètò kan sílẹ̀ pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ọlidé ìgbà ooru kan ṣe èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ ojú ẹ̀rọ. Ọlidé kan ṣoṣo! A ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ títí di òní. Ní 1979, ní Stanford, Hans Moravec rán kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ní kámẹ́rà gba inú yàrá kan tí àga kún inú rẹ̀. Nǹkan bíi wákàtí márùn-ún ló gbà á. Á rìn bíi mítà kan, á dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti ṣírò ohun tó rí, á tún rìn. Ọmọ ọdún méjì á ti sáré gba ibẹ̀ kọjá, á sì ti fọ́ nǹkan méjì pẹ̀lú. Ìgbà tí mo kà á, akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó ti kẹ̀kẹ́ náà ni mo ń rò. Ní 1971 ló dé Stanford, 1980 ló gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Kí ló dé tó fi le tó bẹ́ẹ̀? Kámẹ́rà kì í rí ẹ̀pà, nọ́ńbà ló ń rí. Àwòrán kékeré tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kán 640, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 480, ní ẹ̀kán 307,200 nínú. Ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà mẹ́ta, ti àwọ̀ pupa, ti àwọ̀ ewé àti ti búlúù, láti 0 dé 255. Ó di nọ́ńbà 921,600 fún àwòrán ẹyọ kan. Bí ìkùukùu bá kọjá lójú oòrùn, gbogbo rẹ̀ yí padà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀pà náà kò kúrò lójú kan. Tẹ́lẹ̀, òfin ni à ń kọ fún ẹ̀rọ: bí nọ́ńbà bá báyìí, á jẹ́ báyìí. Ní 2012, àwọn mẹ́ta ní yunifásítì Toronto, Krizhevsky, Sutskever àti Hinton, fi àwòrán tó ju mílíọ̀nù kan lọ kọ́ ẹ̀rọ wọn nínú ìdíje kan. Àṣìṣe rẹ̀ jẹ́ ìdá 15.3 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ti ẹni tó tẹ̀ lé wọn jẹ́ 26.2. Láti ìgbà náà, àpẹẹrẹ la fi ń kọ́ ẹ̀rọ, bí a ṣe ń fi ewúrẹ́ han ọmọ títí yóò fi dá ewúrẹ́ mọ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń rò pé iṣẹ́ olówó nìkan ni, ẹ gbọ́. Ní 2012 kan náà, Ayorkor Korsah ti Ashesi ní Gánà àti Ken Goldberg ti Berkeley dá ẹgbẹ́ AFRON sílẹ̀, wọ́n sì ṣe ìdíje pé ta ni yóò ṣe rọ́bọ́ọ̀tì ìkọ́mọléèkọ́ tí kò ju dọ́là mẹ́wàá lọ. Ọ̀kan nínú àwọn tó gbayì jù fi ohun tí àwọn ọmọdé fi ń ta géèmù àti lọ́lípọ́ọ̀pù méjì ṣe tirẹ̀. Dọ́là 8.96 ló ná an.

Ẹ ó bi mí pé kí ló kan ẹ̀pà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀pà ni ìyá mi ń tà ní ọjà Sabon Gari, òun ló sì rán mi níléèwé. Àwọn àgbà wa rántí òkìtì ẹ̀pà Kánò tí òkìtì kan ń gba àpò tó tó 15,000. Èmi ò bá a. Atẹ ni èmi bá nílẹ̀, tí àwa ọmọ yí ká ní alẹ́, tí à ń ṣa èyí tó ti bu kúrò. A rò pé nítorí kí ó lè dùn ni. Ìgbà tí mo dé yunifásítì ni mo mọ̀ pé májèlé kan wà tó ń jẹ́ aflatoxin, tó máa ń wà nínú ẹ̀pà tó bu, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ní 1960, tòlótòló tó ju 100,000 ló kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀pà ṣe, ibẹ̀ ni wọ́n ti wá ìdí rẹ̀ rí. Lónìí, ilẹ̀ Yúróòpù kì í gba ẹ̀pà jíjẹ tí májèlé náà bá ju ìwọ̀n mẹ́rin nínú bílíọ̀nù kan lọ. Mo wá sọ fún ara mi pé n ó kọ́ ẹ̀rọ láti ṣe iṣẹ́ orí atẹ.

Ibí ni mo ti jẹ ìyà. Nígbà tí mo ń wá oyè kejì, mo máa ń ya àwòrán ẹ̀pà tó dára nílé ìyá mi láàárọ̀. Ọ̀sán ni àwọn tó ń ṣa ẹ̀pà máa ń fi èyí tó bu ránṣẹ́ sí mi, mo sì máa ń yà á lórí tábìlì mi níléèwé lábẹ́ gílóòbù. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo dán ẹ̀rọ náà wò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣìnà rárá. Mo pe ìyá mi lórí fóònù, a jọ yọ̀. Mo kọ àpilẹ̀kọ mi, mo fi ránṣẹ́ sí àpérò kan, wọ́n sì gbà á. Ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ mi sọ́nà ní kí n ya méjèèjì lójú kan náà, ní wákàtí kan náà. Ẹ̀rọ mi wá ń ṣe bí ẹni tó ń ta owó ẹyọ. Kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀pà. Tábìlì mi àti gílóòbù ló dá mọ̀.

Mo lè dákẹ́, kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀. Àpilẹ̀kọ ni wọ́n fi ń gbéni ga lẹ́nu iṣẹ́ yìí, láti Graduate Assistant dé Assistant Lecturer, dé Lecturer II, títí lọ sókè, n kò sì ní òmíràn lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn lè gba ẹ̀rọ náà gbọ́, kí ó fi ṣa ẹ̀pà tí ọmọ yóò jẹ. Mo kọ lẹ́tà sí wọn, mo gba àpilẹ̀kọ náà padà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan gòkè lọ́dún yẹn, èmi dúró. Ẹ̀yin tó ń béèrè, ó wà lára ìdí tí n kò tíì parí.

Ẹ má sì rò pé èmi nìkan ló ṣe irú àṣìṣe yìí. Ní 2018, Joy Buolamwini, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Gánà, àti Timnit Gebru dán ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ńlá mẹ́ta wò, ẹ̀rọ tó ń wo ojú ènìyàn láti sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ọ̀kan nínú wọn ṣìnà dé ìdá 34.7 nínú ọgọ́rùn-ún lórí obìnrin aláwọ̀ dúdú, bẹ́ẹ̀ lórí ọkùnrin aláwọ̀ funfun, àṣìṣe tó pọ̀ jù kò ju 0.8 lọ. Ní 2019, ọmọ wa kan tó dàgbà ní Kánádà, Inioluwa Deborah Raji, bá Buolamwini tún àyẹ̀wò náà ṣe, wọ́n sì fi ti Amazon kún un. Ojú funfun ló pọ̀ jù nínú irú àwòrán tí wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Bí tábìlì mi ló rí.

Báyìí, mo ní àpótí kékeré kan. Iná kan náà ló máa ń wà nínú rẹ̀ lójoojúmọ́, fóònù ni kámẹ́rà rẹ̀. Ẹ bu ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ sí i, yóò fi èyí tó fura sí hàn yín. Kì í rí gbogbo májèlé, nítorí òmíràn wà nínú ẹ̀pà tí ara rẹ̀ ń dán. Ẹ má fi rọ́pò àyẹ̀wò.

Nígbà tí mo fi han àwọn ìyá wa níbi ìpàdé obìnrin, ìyá kan tó ń ṣa ẹ̀pà fún àwọn oníṣòwò Dawanau bi mí pé, "Ọmọ mi, bí ẹ̀rọ bá ń ṣa ẹ̀pà, kí ni àwa ó máa ṣe?" N kò purọ́ fún wọn. Mo ní ẹ̀rọ ńlá ti wà nílẹ̀ òkèèrè tó ń fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ̀pà búburú dànù bí ó ṣe ń já bọ́ níwájú kámẹ́rà, owó rẹ̀ ló jẹ́ kó jìnnà sí wa, kò sì sí bí mo ṣe lè ṣèlérí pé kò ní í dé. Wọ́n wo àpótí náà fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa. Kọ́kọ́ kọ́ èmi bí wọ́n ṣe ń lò ó, kí o tó kọ́ ọ̀gá mi."

Wọ́n ti ń wá sọ́dọ̀ mi ní gbogbo ọjọ́ Sátidé láti ìgbà náà. Àwọn ni yóò jókòó ti àpótí náà lónìí, lórí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Ẹ bu ẹ̀pà díẹ̀ dání láti ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣà á kí ẹ tó mú un wá.